Wọ́n Wọn Ojú Fóònù, Wọn Kò Wo Ẹni Tó Dì Í Mú

Bí a bá dárúkọ lámèyítọ́, ìwé ìtàn àròsọ, eré orí ìtàgé tàbí fíìmù ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ sí. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, èyí tí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Odògbólú fi ń fi èsì ìdánwò han àwọn òbí. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ní òkèèrè, ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò kì í sì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ìdí tí mo fi gbà pé ó yẹ ká ṣe lámèyítọ́ irú iṣẹ́ yìí ni pé àwọn òbí wa ń kà á ju bí wọ́n ti ń ka ìwé ìtàn lọ. Ìwé ìtàn tí a kò gbádùn, a lè pa á dé. Èsì ọmọ ẹni kò ṣeé pa dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Apple gbé iPhone jáde ní 2007, kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkànnì wà fún. Àwọn tó ń kọ́ wọn máa ń yan ìbú kan pàtó, ó sì sábà máa ń jẹ́ píksẹ́lì 960, ìyẹn àwọn àmì iná kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán lójú ẹ̀rọ. Fóònù tuntun náà ní láti pa irọ́ kékeré kan kí ìkànnì tó lè wọ inú rẹ̀. Á ṣe bí ẹni pé ìbú òun tó 980, á tẹ́ gbogbo ojú ìwé sórí ìbú irọ́ yìí, lẹ́yìn náà á fún un pọ̀ títí yóò fi wọlé. Ọ̀rọ̀ á wá kéré bí eèrà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ethan Marcotte kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní A List Apart. Òun ló fún ọgbọ́n tuntun kan lórúkọ: responsive web design. Nǹkan mẹ́ta ló kó pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ìpín ni kí a máa fi wọn ìbú, bíi ká sọ pé "ìdajì ojú ẹ̀rọ" dípò "píksẹ́lì 480". Èkejì ni pé kí àwòrán má ṣe tóbi ju àyè tí a fún un lọ. Ẹ̀kẹta ni pé kí ojú ìwé lè bi ẹ̀rọ léèrè pé, "Báwo ni o ṣe fẹ̀ tó?", kí ó sì tún ara rẹ̀ tò gẹ́gẹ́ bí èsì tó gbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà ìkànnì fún gbogbo ayé, fọwọ́ sí ọgbọ́n ìbéèrè yìí. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ṣòkòtò àti ìró ti mọ ohun tí Marcotte ń sọ. Ṣòkòtò tí télọ̀ rán fún ẹnì kan, ẹni náà ló bá mu. Ìró kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tó sanra ń ró o, ọmọge tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń ró o, aṣọ kan náà ni.

Ohun kan wà nínú àròkọ Marcotte tí àwọn tó ń kọ́ ìkànnì lóde òní kì í sábà rántí. Ọ̀dọ̀ àwọn ayàwòrán ilé ló ti yá ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan nínú wọn ti ń ronú nípa ilé tó máa ń mọ̀ pé ènìyàn ń kọjá nínú òun, tí ògiri tàbí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì yí padà nítorí ẹni náà. Ènìyàn ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń dá lóhùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé ọwọ́ àwọn tó ń ta ìkànnì, ojú ẹ̀rọ nìkan la wá ń dá lóhùn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi wà.

Ó yẹ kí àwa ará ìjọba ìbílẹ̀ Odògbólú tètè lóye èyí, nítorí pé Ọ̀sọ̀sà, ìlú Hubert Ògúndé, wà láàárín wa. Láti 1945 tí ó ti dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀, òun àti àwọn alárìnkiri tó tẹ̀ lé e ń gbé eré kan náà láti ìlú dé ìlú. Gbọ̀ngàn kan fẹ̀, òmíràn há. Eré kò yí padà, ìdúró òṣèré ló ń yí. Ṣùgbọ́n òṣèré tó mọṣẹ́ kì í wo fífẹ̀ ìtàgé nìkan. Bí àwọn tó wà lẹ́yìn kò bá gbọ́, á gbé ohùn sókè. Bí ará ìlú kan kò bá rẹ́rìn-ín sí àwàdà kan, á wá òmíràn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ojú ìwé èsì náà. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wa, mo sì ṣí i lórí fóònù mẹ́ta tí wọn kò dọ́gba. Àkọ́lé rẹ̀ ń súnkì bó ti yẹ. Àwọn ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí kọ̀ǹpútà ń tò sábẹ́ ara wọn lórí fóònù. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lókè ń fara pamọ́ sínú ìlà kéékèèké mẹ́ta tí a máa ń tẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́ ìkànnì náà fi hàn mí lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ó di etí ojú ìwé náà mú, ó ń fà á sínú díẹ̀díẹ̀, gbogbo nǹkan sì ń tún ara wọn tò bí àwọn ọmọ ogun. Ó ní, "Ṣé o rí i? Responsive ni." Kò parọ́. Bí a bá fi nǹkan mẹ́ta tí Marcotte kà sílẹ̀ wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ náà yege.

Ṣùgbọ́n ìyá kan wà ní àdúgbò wa tó ń ta gàárì. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí JSS3. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, ó pè mí.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, wá bá mi wo nǹkan yìí. Ṣé ojú mi ni àbí òótọ́ ni? Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fún un nínú ìṣirò!"

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó, mà."

Mo wò ó. Bẹ́ẹ̀ ló rí lójú fóònù lóòótọ́. Orúkọ iṣẹ́ wà lápá òsì, Mathematics, nọ́ńbà 27 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. English, 29. Basic Science, 31. Tábìlì náà parí sí etí fóònù rẹ́gí, kò sí ohun kankan tó fi hàn pé ó ṣẹ́ kù. Ìyá yìí ti sọ fún ọmọ náà pé kó gbàgbé kíláàsì sáyẹ́ǹsì, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, òun á kúkú fi í síbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kí owó ilé ẹ̀kọ́ má baà ṣòfò. Ọmọ náà jókòó sẹ́yìn àpò gàárì, kò sọ̀rọ̀. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé iye tí òun gbà kọ́ nìyẹn, ìyá rẹ̀ kò gbà. Ta ni kí ìyá gbà gbọ́, ọmọ tó ń bẹ̀rù ni, àbí ojú ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́?

Mo fi ìka fa tábìlì náà. Òpó mìíràn yọ: 44. Mo tún fà á: 71. Iye tí olùkọ́ ti ń kó jọ fún un láàárín sáà ni 27 yẹn, inú ogójì ni wọ́n sì ti mú un. Ìdánwò gan-an jẹ́ 44 nínú ọgọ́ta.

"Mà, mọ́kànléláàádọ́rin ló gbà."

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó fa tábìlì náà bí mo ti fà á. 71 yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ iṣẹ́ ti wọlé lọ sápá òsì, kò sí lójú mọ́. Nọ́ńbà kún ojú fóònù láìní orúkọ. "Èwo ni ìṣirò níbẹ̀?" Ó ní láti fi èékánná mú ìlà kan, kó fà á padà kó lè rí orúkọ, kó tún fà á lọ kó lè rí iye. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Mo padà lọ wo inú ìkànnì náà láti mọ ohun tó fà á. Bootstrap ni wọ́n fi kọ́ ọ, àkójọ irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ Twitter méjì, Mark Otto àti Jacob Thornton, gbé jáde ní 2011. Iṣẹ́ ńlá ni Bootstrap ṣe. Òun ló jẹ́ kí ẹni tí kò ní ju kọ̀ǹpútà kan lọ lè kọ́ ìkànnì tó mọ́ lójú. Nínú àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, ọ̀kan wà fún tábìlì, orúkọ rẹ̀ sì ni table-responsive. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ń ṣe: bí tábìlì bá fẹ̀ ju ojú ẹ̀rọ lọ, á jẹ́ kí a lè máa fà á sọ́tùn-ún sósì. Ó tán. Kò tún tábìlì tò. Kò fi orúkọ ìlà sílẹ̀ lójú. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó fi hàn pé nǹkan ṣẹ́ kù kì í hàn àyàfi bí ìka bá ti ń fa ibẹ̀. Lójú tèmi, orúkọ yẹn ló tan ẹni tó kọ́ ìkànnì náà jẹ. Wọ́n ti pè é ní responsive fún un, ó gbà pé iṣẹ́ ti parí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ọ̀rọ̀ CSS méjì, position: sticky àti left: 0, á so orúkọ iṣẹ́ mọ́ apá òsì kí ó má baà bá àwọn yòókù lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí tábìlì má jẹ́ tábìlì mọ́ lórí fóònù. Kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ lókè, àpapọ̀ rẹ̀ gàdàgbà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí àlàyé tẹ̀ lé e: 27 nínú 40, 44 nínú 60. Ọ̀rọ̀ kékeré náà, "nínú 40", ṣe pàtàkì ju gbogbo ọgbọ́n CSS lọ. Kò sí níbì kankan lójú ìwé náà. Ohun tí wọ́n kọ sórí òpó náà ni "CA". Olùkọ́ mọ CA, akẹ́kọ̀ọ́ mọ CA. Ìyá yìí mọ iye kóńgò gàárì tó wà nínú àpò kan láì kà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un ohun tí lẹ́tà méjì yẹn dúró fún.

Olùkọ́ kan tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún kò gbà pẹ̀lú mi. Wọ́n ní kò sí ẹni tí wọ́n bí mọ́ fóònù, kí àwọn òbí kọ́ bí a ti ń fa tábìlì bí wọ́n ṣe kọ́ bí a ti ń fi WhatsApp ránṣẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìyá náà kò kọ̀ láti kọ́. Ojú ìwé yẹn ni kò sọ fún un pé ohun kan wà láti kọ́.

Àwọn àléébù kan wà tí n kò ní fi falẹ̀. Àpótí tí a ń kọ nọ́ńbà ìwọlé sí máa ń gbé kíbọ́ọ̀dù lẹ́tà jáde, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà nìkan ló fẹ́; inputmode="numeric" ì bá ti yanjú ìyẹn. Bọ́tìnnì "Check" àti "Cancel" fara kanra, wọ́n sì kéré. Ìlànà Google fún àwọn tó ń ṣe áàpù Android ni pé kí ibi tí ìka máa tẹ̀ tó ìwọ̀n 48, ìyẹn bíi mìlímítà mẹ́sàn-án. Ti ibí yìí kò tó ìdajì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dátà gba kí n dúró díẹ̀. Àwòrán ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ló wà lókè ojú ìwé náà, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́gábáìtì mẹ́rin. Lórí fóònù, ó súnkì dáadáa, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ló ti súnkì. Mẹ́gábáìtì mẹ́rin náà ni fóònù ní láti wà sílẹ̀ kó tó fi àwòrán kékeré yẹn hàn, òbí ló sì ń sanwó rẹ̀. Ọgbọ́n kan wà nínú HTML tó ń jẹ́ srcset, èyí tó máa ń jẹ́ kí fóònù mú àwòrán tó kéré, kí kọ̀ǹpútà mú èyí tó tóbi. Wọn kò lò ó. Facebook pàápàá, pẹ̀lú gbogbo owó rẹ̀, gbé Facebook Lite jáde ní 2015 fún fóònù tí kò lágbára àti ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń falẹ̀, gbogbo áàpù náà kò sì tó mẹ́gábáìtì kan nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Àwòrán ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí òbí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wúwo ju áàpù odindi lọ ní ìlọ́po mẹ́rin.

Èyí tó bí mi nínú jù lọ fara pamọ́ sínú ìlà kan tí òbí kankan kò ní rí láéláé. Gbogbo ìkànnì òde òní ló ní ìlà kan lókè tó ń sọ fún fóònù pé kó má pa irọ́ ìbú 980 yẹn mọ́. Ìlà tó dára ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi user-scalable=no kún un, èyí tó máa ń sọ fún fóònù pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìka méjì sọ ojú ìwé di ńlá. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ìkànnì dà bí áàpù gidi. Ta ló nílò kí ọ̀rọ̀ tóbi? Kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó kọ́ ìkànnì. Àwọn òbí tó ti kọjá ogójì ọdún ni, tí wọ́n ń na ọwọ́ tí wọ́n di fóònù mú jìnnà sí ojú kí wọ́n tó lè kàwé. Ọ̀nà kan tí wọ́n ní láti ran ojú ara wọn lọ́wọ́, ẹnì kan lọ tì í pa nítorí ẹwà.

Orúkọ ló kàn. Bí òbí bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lójú ìwé náà, tó sì kọ "Ọmọ́tọ́lá" bó ti yẹ ká kọ ọ́, ìkànnì á dáhùn pé "Invalid name". Wọ́n ti pàṣẹ fún àpótí náà pé A dé Z ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kó gbà. Àwọn ìkànnì mìíràn máa ń gbà á, wọ́n á wá ṣi lẹ́tà kà. Ọmọ́tọ́lá ní lẹ́tà méje lójú wa, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án ni kọ̀ǹpútà kà. Ìdí ni pé Unicode, ìlànà tó fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, fún ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, kò sì fún ọ́ ní òmíràn. Ọ àti àmì orí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Orúkọ wa tó gùn lè tètè kún àpótí tí wọ́n fi orúkọ òyìnbó wọ̀n. Bí orúkọ bá sì wọlé tán, ìlà tí wọ́n fún un máa ń há tó bẹ́ẹ̀ tí àmì orí àti àmì ìdí á gé dànù. Ọlá á wá di ola, ẹni tó ń kà á kò sì ní mọ̀ bóyá ọlá ni, ọlà ni, àbí ọ̀la. Ojú ìwé tó mọ ìbú gbogbo fóònù tó wà ní ọjà, tí kò mọ orúkọ ọmọ tí wọ́n ń kọ èsì rẹ̀, kí ló ń dá lóhùn gan-an? Kò sì nira. Ìkànnì YorubaName.com, iṣẹ́ tí Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀, ń fi orúkọ hàn pẹ̀lú àmì wọn, wọ́n sì pèsè kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́ fún kọ̀ǹpútà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a kò mọ bí a ti ń ṣe é ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo mọ̀ nínú irú èyí, JAMB ló ṣe é, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní responsive. JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní 2013. Nígbà tó di 2015, kò sí ti orí ìwé mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá jókòó ṣe é kò tíì di máòsì mú rí. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọfà kékeré á máa sá kiri lójú ẹ̀rọ, aago ń lọ. Lẹ́yìn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé di ọ̀gá àgbà níbẹ̀ ní 2016, wọ́n gbé ọ̀nà kan jáde tó jẹ́ pé bọ́tìnnì mẹ́jọ péré lórí kíbọ́ọ̀dù ti tó láti ṣe gbogbo ìdánwò láìfọwọ́ kan máòsì: A, B, C àti D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti yí ìpinnu ìfisílẹ̀ náà padà.

Kò sí àwọ̀ tó ń dán níbẹ̀, kò sí ohun tó ń yọ́ wọlé yọ́ jáde. Ẹni tó ronú rẹ̀ kò bi ẹ̀rọ pé báwo ló ṣe fẹ̀ tó. Ó bi ọmọ pé kí ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà sì ti mọ A, B, C, D láti ọjọ́ tó ti ń fi pẹ́ńsù kun ìdáhùn sórí ìwé. Mo ní ẹjọ́ kékeré kan pẹ̀lú wọn. Lórí kíbọ́ọ̀dù, àárín A àti D gan-an ni S wà, ẹni tó sì fẹ́ tẹ A lè ṣèèṣì tẹ èyí tó ń fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀. R ló ń gba onítọ̀hún là. Bí wọ́n bá ti fún mi ní iṣẹ́ náà, lẹ́tà tó jìnnà sí wọn ni mo máa lò. Síbẹ̀, pé wọ́n fi R síbẹ̀ fi hàn pé ẹnì kan ti rò ó pé ọwọ́ lè ṣì.

JAMB kan náà ló jẹ́ kí a lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán béèrè èsì. Fóònù alátọ́ọ̀ṣì tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá á gba èsì náà wọlé. Mo ronú nípa ìyá tó ń ta gàárì. Bí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ bá ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ pé "Ìṣirò: 71 nínú 100", gbogbo wàhálà yẹn kì bá má ṣẹlẹ̀, n kì bá má sì rí nǹkan kọ lé lórí.

N kò fẹ́ ká di ẹ̀bi náà ru ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́ ọ. Mo mọ iye tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè yìí, kò tó nǹkan, ọ̀sẹ̀ méjì sì ni wọ́n fún un. Ibi tí wọ́n ti yẹ iṣẹ́ náà wò kí wọ́n tó sanwó ló burú. Ọ́fíìsì ni, lórí láptọ́ọ̀pù, fáànù ń fẹ́, ẹni tó kọ́ ọ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ gbogbo nǹkan, àwọn ọ̀gá ń wò, wọ́n ń kan sáárá. Ìmọ̀ràn mi fún àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni pé kí wọ́n gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí ìpàdé PTA kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Kí wọ́n pe òbí mẹ́ta jáde, kí kálukú lo fóònù ara rẹ̀, nínú oòrùn, pẹ̀lú dátà tirẹ̀. Kí wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa iye tí ọmọ yìí gbà nínú ìṣirò." Kí ẹni tó kọ́ ìkànnì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó máa wò. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ na ìka sí ohunkóhun. Ìdajì wákàtí kò ní pé tí yóò fi mọ ohun tí fífa etí ojú ìwé sínú lórí láptọ́ọ̀pù kò lè fi hàn án láéláé.

Mo ya bí mo ṣe rò pé ó yẹ kí ojú ìwé náà rí sórí ìwé fúlúsikáàpù, ìbú rẹ̀ kò ju ti fóònù lọ, mo sì mú un lọ fún un. Ó wò ó pẹ́. Ó ní ṣé kò ní pọ̀ jù láti máa kọ "nínú 40" sí gbogbo ìlà, nígbà tí ọ̀kan lókè òpó ti tó. Mo ní lórí fóònù, òkè òpó ti kọjá lọ nígbà tí òbí bá dé ìlà kẹfà. Ó ká ìwé náà sápò, ó ní òun á rí sí i.

Nígbà tí èsì sáà tó tẹ̀ lé e jáde, mo tún ṣí i. Orúkọ iṣẹ́ ti dúró sójú kan, kò bá tábìlì lọ mọ́, "nínú 40" sì ti wà níbẹ̀. Ọmọ́tọ́lá ṣì jẹ́ "Invalid name". Àwòrán ẹnu ọ̀nà náà kò kúrò, mẹ́gábáìtì mẹ́rin géérégé.